Ìbéèrè tí kò dé etí ẹnikẹ́ni: bí prógíráàmù mi ṣe dákẹ́ mọ́ Àǹtí lọ́wọ́ l'Ádó-Èkìtì

Aago méje alẹ́ ti lé díẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ yẹn nígbà tí fóònù mi dún. Àǹtí ni. Wọn ò kí mi, wọn ò béèrè ìyàwó, wọn ò béèrè ọmọ.

"Àbúrò, láti aago mẹ́rin ni nǹkan tí o ṣe fún mi yìí ti ń wò mí lójú. Kò sọ̀rọ̀, kò ṣiṣẹ́, kò sì kú. Jẹnẹrétọ̀ ti mu epo kẹ́ẹ̀gì kan tán. Ṣé kí n máa wò ó náà ni?"

Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. N kò rò pé mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn tó burú tó ìyẹn lọ́dún náà.

Tíṣà ni Àǹtí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkèṣà, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn kó ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Oníbàárà ń wá láti Ìyìn, láti Ìlawẹ̀, láti Ìkẹ́rẹ́. Ẹlòmíràn á ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wá. Ìgbéyàwó, ìwàásù àti ìpàdé ẹbí ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá. Àmọ́ èyí tí Àǹtí fẹ́ràn jù ni alámọ̀, ohùn àwọn obìnrin Èkìtì, torí ìyá tó bí wọn mọ̀ ọ́n kọ. Bí alámọ̀ bá ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ má wulẹ̀ bá wọn dúnàá-dúrà lásìkò náà.

Èmi ni mo kọ prógíráàmù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Mo pè é ní ayipada, láìní àmì ohùn, torí ojú dúdú tẹ́míná, níbi tí a ti ń fi lẹ́tà pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń tẹ orúkọ rẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ ṣe èyí tó ní bọ́tìnnì fún wọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n ní bọ́tìnnì máa ń kúrò níbi tí wọ́n bá fi í sí, àmọ́ àṣẹ tí àwọn bá ti kọ sínú ìwé ò lè sá lọ síbì kankan. Ìwé tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí ṣì wà lórí tábìlì wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ayipada fúnra rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ohùn. ffmpeg, prógíráàmù tó ń yí ohùn àti fídíò láti irú kan sí òmíràn, tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ayipada kàn ń rán an níṣẹ́ ni. Èyí ni irú àṣẹ tó máa ń fi rán an:

ffmpeg -i "Ulé Bàbá, ojú kejì.wav" -af loudnorm -ar 44100 -b:a 128k "Ulé Bàbá, ojú kejì.mp3"

(Ulé ni Èkìtì ń pe ilé. Bí ẹbí bá ṣe kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì ni Àǹtí máa ń kọ ọ́ sórí fáìlì, wọn kì í yí lẹ́tà kan padà.) Loudnorm ló ń gbé ohùn tó bá lọ sílẹ̀ sókè, kí èyí tó ń pariwo má sì pariwo jù, 128k ló ń sọ bí MP3 náà ṣe máa wúwo tó. Mo rò pé àánú ni kí n gbé gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún wọn. Mo sì pa ẹnu ffmpeg mọ́ pẹ̀lú, torí ọlọ́rọ̀ púpọ̀ ni: kó tó ṣe ohunkóhun, á kọ́kọ́ ka ìtàn ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ àti ohun tó bá nínú fáìlì. Mo ní kí Python, èdè tí mo fi kọ ayipada, kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn sínú àpò. Capture_output ni wọ́n ń pè é. Bí iṣẹ́ bá parí, ohun kan ṣoṣo tí Àǹtí á rí ni "Ó ti tán." Mo rántí pé inú mi dùn sí bó ṣe mọ́ tónítóní.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì méje láti Ìkẹ́rẹ́. Ìyá àgbà kan ló kú, ẹbí sì fẹ́ kí ohùn ìyá náà dún níbi àìsùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Oníṣẹ́jú 90 ni kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ojú kan ìṣẹ́jú 45, ojú kejì 45, nítorí náà fáìlì 14 ni gbogbo rẹ̀. Ojú kan, nígbà tó bá ṣì jẹ́ WAV tí a kò tíì fún pọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 480 MB. Bí ayipada bá ti sọ ọ́ di MP3, kò ju bíi 43 MB lọ mọ́, ó lè wọ fóònù àwọn ọmọ olóòkú.

Ọjọ́rú ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀. Fáìlì méjì parí, ìkẹta wà lẹ́nu rẹ̀, iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù wọn ti kú tipẹ́, nítorí náà bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Ní aago mẹ́rin ọjọ́bọ̀, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n tún tẹ àṣẹ kan náà:

ayipada Ikere/

Kò sí nǹkan kan. Àǹtí ò sì fi í ṣe nǹkan kan, torí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé prógíráàmù yìí fún wọn ló ti ń kọ́ wọn pé bí òun bá dákẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Fáìlì kan á gba ìṣẹ́jú mélòó kan lórí láptọ́ọ̀pù àgbà yẹn, òun á dákẹ́, wọ́n á lọ gún iyán, wọ́n á padà wá bá "Ó ti tán." Nígbà tí iṣẹ́ wá dúró, ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni wọ́n tún rí. Kí ni wọn ì bá fi mọ̀ pé èyí yàtọ̀ sí tàná?

Lẹ́yìn tí mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n ṣe é fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Inú wá bí wọn, wọ́n tẹ Enter bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè. Kíá, ojú dúdú kún fún lẹ́tà. Wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó tó ogún ìlà. Èyí tó kẹ́yìn ni:

subprocess.CalledProcessError: Command '['ffmpeg', '-i', 'Ulé Bàbá, ojú kìíní.wav', ...]' returned non-zero exit status 1.

"Kí ló ń wí?"

"Ó ní iṣẹ́ náà ò yọrí sí rere, mà."

"Ìyẹn ti hàn sí mi. Kí ló dé tí kò fi yọrí?"

N kò ní èsì. Òǹkà 1 lẹ́nu ffmpeg kò túmọ̀ sí ju pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àlàyé gidi wà nínú àpò tí mo ní kí Python kó o sí, Python sì ti ju àpò náà nù nígbà tó ń ké. Bó ṣe rí nìyẹn: CalledProcessError á sọ àṣẹ àti òǹkà fún ọ, kò ní í ka ohun tó wà nínú àpò sí ọ létí àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá ní kó kà á.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Páìpù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Lórí Linux, ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù Àǹtí, páìpù tí prógíráàmù kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀ ń gba báìtì 65,536; bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá kún un tí ẹnì kankan ò fà á mu lódìkejì, yóò dúró síbẹ̀ títí ayé. Ó ti ṣe mí rí. Àmọ́ subprocess.run tí mo lò máa ń fà á bó ṣe ń wá, kò lè jẹ́ òun. Mo fura sí dísíìkì, torí fáìlì 14 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7 GB. Àǹtí wò ó, àyè wà. Mo fura sí àmì ohùn lórí orúkọ fáìlì. Àwa Yorùbá tí a ń kọ kóòdù, àmì ohùn la máa ń kọ́kọ́ mú bí nǹkan bá bàjẹ́, bí ọmọ àlè nínú ilé. Lọ́jọ́ yẹn, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Mo wá ní kí wọ́n da àṣẹ inú ìlà tó kẹ́yìn yẹn kọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, kí ffmpeg lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà ni wọ́n: wọ́n dà á kọ bó ṣe wà, pẹ̀lú àkámọ́ onígun àti kọ́mà, torí bí Python ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn. Shell, prógíráàmù tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀ sójú tẹ́míná, dá wọn lóhùn:

bash: [ffmpeg,: command not found

Ẹ̀rín pa mí lórí fóònù. Kò pa Àǹtí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gun ọ̀kadà láti Basiri lọ sí Òkèṣà. Mo jókòó, mo tẹ àṣẹ náà pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, láìsí ayipada láàárín. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan:

File 'Ulé Bàbá, ojú kìíní.mp3' already exists. Overwrite? [y/N]

Àwa méjèèjì jọ wò ó. Fáìlì àkọ́kọ́ tó parí lọ́jọ́rú ṣì wà níbẹ̀, ffmpeg sì ń béèrè bóyá kí òun kọ tuntun lé e lórí. Láti aago mẹ́rin ọjọ́bọ̀ ló ti ń béèrè.

Prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lójú tẹ́míná ní etí kan àti ẹnu méjì. Etí ni stdin, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohun tí a bá tẹ̀. Ẹnu kìíní, stdout, wà fún èso iṣẹ́. Ẹnu kejì, stderr, wà fún ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ bá èèyàn sọ. Ẹnu kejì ni ffmpeg fi ń béèrè ìbéèrè. Mo ti di ẹnu méjèèjì sínú àpò, mo sì gbàgbé etí, etí ṣì wà lára kíbọ́ọ̀dù Àǹtí. Ó béèrè, ẹnikẹ́ni ò gbọ́; ó tẹ́tí, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ń tẹ́tí. Bí wọ́n bá ti tẹ y láìmọ̀ kí wọ́n tó tẹ Enter, iṣẹ́ ì bá tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n Enter nìkan ni wọ́n tẹ̀. Lójú ffmpeg, N ńlá inú àkámọ́ yẹn ni ìdáhùn ẹni tí kò bá dáhùn: Rárá. Àǹtí kọ̀ fún un láìmọ̀ pé ó bi àwọn, òun náà sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Èyí ni pé ó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ láti àná, ìwọ lo fọwọ́ bò ó lẹ́nu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ tí a rán sí aládùúgbò, tí aládùúgbò ní kó padà lọ béèrè ọ̀rọ̀ kan wá, tó wá lọ jókòó sábẹ́ igi."

Wọ́n sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo sì ti rò pé ohun tí mò ń ṣe nìyẹn, pé mò ń fi ọ̀rọ̀ tútù gba ọ̀rọ̀ líle ffmpeg. Àmọ́ ẹni tó bá fi tọmọ jẹ́ ẹ ṣì jẹ́ iṣẹ́ náà. Tèmi gbé iṣẹ́ mì.

Ẹbí olóòkú máa dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ ffmpeg á sọ fún mi pé kí n yára fi -n sí àṣẹ náà, kí ó máa fo ohun tó bá ti wà. Ọwọ́ mi ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù láti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí Àǹtí béèrè pé, "Ìkẹta tí iná lọ mọ́ lójú ńkọ́?" Mo ṣí i. Ohùn ìyá ń bọ̀ dáadáa, ó ń bọ̀, ó ké lójijì láàárín ọ̀rọ̀. Fáìlì náà wà, orúkọ rẹ̀ pé, ara rẹ̀ ò pé. Bí a bá ti fi -n sí i, òun ni à bá gbé fún wọn, òun ni ì bá ké sí wọn lọ́wọ́ láàárín àìsùn. Bí mo bá sì fi -y sí i, kó máa kọ lé gbogbo ohun tó bá rí, èyí tó ti pé pàápàá á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. L'Ádó yìí? Ìbéèrè tí ffmpeg béèrè jẹ́ ìbéèrè gidi, ó ní ìdí tó fi yẹ kí èèyàn dáhùn rẹ̀.

Mo pa ìkẹta rẹ́, mo kọ orúkọ 12 tó kù sínú akojo.txt, mo sì fi shell ṣe wéré-wéré:

while read -r f; do ffmpeg -i "$f.wav" -af loudnorm -ar 44100 -b:a 128k "$f.mp3"; done < akojo.txt

Ọ̀kan parí. Èkejì ní òun ò rí fáìlì. Orúkọ tó ń wá ti pàdánù lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́. Etí ffmpeg tún ni! Kì í ṣe ìgbà tó bá béèrè ìbéèrè nìkan ló ń tẹ́tí. Ó máa ń tẹ́tí bóyá èèyàn á tẹ q kó dúró. Àkójọ orúkọ tí mo ń dà fún shell, òun náà ń bu jẹ níbẹ̀. Mo fi -nostdin dí etí rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ṣáájú aago mẹ́ta, fáìlì 14 pé. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ dé, wọ́n gbé e, wọ́n sanwó, wọn ò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú ni mo fi tún ayipada kọ.

Àṣẹ ni mo kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Kí ayipada tó rán ffmpeg níṣẹ́ báyìí, á kọ àṣẹ náà sójú tẹ́míná, àmì $ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Make, irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù, tí Stuart Feldman kọ ní Bell Labs lọ́dún 1976 máa ń ka àṣẹ kọ̀ọ̀kan sókè kó tó ṣe é, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ á fi @ síwájú rẹ̀. Shell fúnra rẹ̀ ní set -x tó ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn àgbà tó kọ nǹkan wọ̀nyí mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbẹnu ẹlòmíràn rán iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyẹn gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ sọ. Èmi ló ń wá ẹwà kiri.

Mo sì rí i pé bí a bá kọ àṣẹ náà jáde, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn lè dà kọ kó sì ṣiṣẹ́. N kò gbàgbé àkámọ́ onígun ọjọ́bọ̀. Python ti ní shlex.join láti ẹ̀dà 3.8, òun ló ń fi àmì ìfàyọ sí ibi tó yẹ, tí "Ulé Bàbá, ojú kejì.wav" kò fi ní í fọ́ sí mẹ́rin lọ́wọ́ shell. Ẹnu kejì ni mo ń kọ ọ́ sí. Àǹtí máa ń fi > da àkójọ ohun tó parí sínú fáìlì láti tẹ ìwé ẹ̀rí fún oníbàárà. Èmi ò fẹ́ kí ffmpeg -i wà lórí ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní àṣẹ náà ń gùn lójú àwọn. Mo jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ ju ìyókù lọ, kí ojú lè fò ó. Ìyẹn tó.

Ẹnu ffmpeg ńkọ́? Mo tú u sílẹ̀, mo sì ní kó dín ariwo kù: -hide_banner kó má ka ìtàn ara rẹ̀ mọ́, -loglevel warning kó sọ kìkì ohun tó bá kọ ọ́ lóminú, -stats kó máa fi hàn pé òun ń mí. Ìlà kan ṣoṣo tó ń ka ìṣẹ́jú lọ síwájú. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ òun ni Àǹtí dúpẹ́ lé lórí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí wọ́n lè lọ gún iyán wọn kí wọ́n máa yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Etí ffmpeg, mo dí i pátápátá. Bí ìbéèrè bá wà, ayipada ló máa béèrè, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lédè wa:

Fáìlì 2 nínú 14 ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pé. Ṣé kí n fò wọ́n (f), kí n tún wọn ṣe (t), tàbí kí n dúró (d)?

Ọ̀rọ̀ "wọ́n sì pé" yẹn gba ọ̀sán ọjọ́ Àìkú mi. Báwo ni ayipada ṣe máa mọ̀ pé fáìlì kan pé? Ọ̀nà tí mo gbà ni pé ffmpeg ò kọ tààrà sí orúkọ gidi mọ́. Orúkọ ìgbà díẹ̀, tí .apakan wà ní ìparí rẹ̀, ló ń kọ sí; bó bá parí láyọ̀ nìkan ni ayipada á sọ ọ́ lórúkọ gidi. Bí iná bá lọ, .apakan ló máa kù nílẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń jẹ́ .mp3 ti pé nìyẹn. Mo gbìyànjú rẹ̀, ffmpeg kọ̀, ó ní òun ò mọ irú ohùn tí à ń pè ní .apakan, torí láti ara ìrù orúkọ ló ti ń mọ ohun tó máa ṣe. Mo fi -f mp3 sọ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, èsì rẹ̀ wá sójú mi kedere. Bí mo bá ṣì di í lẹ́nu ni, bóyá mo ṣì jókòó síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá kùnà ńkọ́? Ogún ìlà Python ti lọ. Ohun tí Àǹtí ń rí ni fáìlì tó dúró lé, àṣẹ tó kùnà, ohun tí ffmpeg fẹnu ara rẹ̀ sọ, àti iye tó ti parí tí kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Mo tún túmọ̀ àwọn òǹkà tí shell máa ń fi sílẹ̀: 127, kò rí prógíráàmù náà rárá; 126, ó rí i ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti lò ó; 130, ẹnì kan tẹ Ctrl+C; 137, wọ́n pa á, ó sì lè jẹ́ pé mẹ́mórì ló tán. Lọ́wọ́ Python, èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń wá gẹ́gẹ́ bíi -9 dípò 137, ó sì gba àkókò kí n tó rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ti 127, mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́: ayipada á kọ́kọ́ wò bóyá ffmpeg wà lórí ẹ̀rọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, á sọ bẹ́ẹ̀, á sì sọ àṣẹ tí wọn máa fi gbé e wá. Kò ní í jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan.

N kò sì gbà pé gbogbo àṣẹ ló yẹ ká kọ síta. Ayipada máa ń ṣe nǹkan kéékèèké bíi ká dá fódà tàbí ká yí orúkọ padà. Bí mo bá ń kọ ìyẹn náà, èyí tó ṣe pàtàkì á sọnù láàárín wọn. Àṣẹ tó bá ń pẹ́, tàbí tó lè ba nǹkan jẹ́, tàbí tí èèyàn lè fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, àwọn ni mò ń kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rí kóòdù mi ní kí n fi ibi tí ayipada ti ń gbé fáìlì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì náà hàn. Mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà ń gba ibẹ̀ kọjá. Kó tilẹ̀ tó dójú tẹ́míná, ẹlòmíràn tó ń lo ẹ̀rọ kan náà lè fi ps, àṣẹ tó ń to ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, rí i. Kò yẹ kó wà nínú àṣẹ rárá. Ibẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Ohun tí mo fi kún un kẹ́yìn, tí mo rò pé èmi nìkan ni màá lò ó, ni --wo. Bí make ṣe ní -n, tí rsync tó ń ṣe àdàkọ fáìlì náà sì ní --dry-run, kí ayipada ka gbogbo àṣẹ tó fẹ́ ṣe láìṣe ọ̀kankan. Àǹtí gbà á lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n tó da epo sínú jẹnẹrétọ̀, wọ́n máa ń lo ìwọ̀nba iná tó bá wà láti fi --wo wò ó ná, bóyá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tó epo tí wọ́n fẹ́ dà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun kan tí èmi ò rí. Lára iṣẹ́ kan láti Ẹ̀fọ̀n, --wo ka orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì: "Alámọ̀ Ẹ̀fọ̀n", lẹ́tà kan náà, àmì kan náà. "Ìbejì ni?" Mo wò ó títí. Wọ́n tẹ ọ̀kan lórí láptọ́ọ̀pù, ọmọ wọn tẹ èkejì lórí fóònù. Ọ̀ tí a ń kọ yìí, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan tó ti ní ìsàmì nísàlẹ̀, kó wá fi àmì ohùn lé e. Ó sì lè kọ o lásán, kó fi ìsàmì sí i, kó tún fi àmì ohùn sí i. Ojú èèyàn ò lè ya wọ́n. Linux yà wọ́n, fáìlì méjì ni lójú rẹ̀. Ní báyìí, ayipada ń sọ gbogbo orúkọ di irú kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó fi wọ́n wé ara wọn, bó bá sì rí ìbejì, á béèrè. Nítorí náà, mo tọrọ gáfárà: lọ́jọ́ iṣẹ́ Ẹ̀fọ̀n yìí, àmì ohùn jẹ̀bi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí tún pè mí. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè gbogbo ilé. Wọ́n wá ní oníbàárà kan fẹ́ kí àwọn fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, dátà kò sì tó. Àwọn wo àṣẹ tó wà lójú tẹ́míná, àwọn rí 128k, àwọn dà á kọ sínú ìwé, àwọn fi 64k sí i, àwọn tẹ̀ ẹ́ fúnra àwọn. Fáìlì tó jẹ́ 43 MB di bí ìdajì.

"Ó ṣiṣẹ́," wọ́n ní. "Àmọ́ a tó wà lẹ́yìn b yẹn, -b:a, kí ni a yẹn ń ṣe níbẹ̀? Mo yọ ọ́ wò, ó tún ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kígbe sí mi díẹ̀."